Àròkọ Aláríyànjiyàn: Ọ̀ràn Olójú Méjì

Bí o bá ti wà nínú ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn ilé-ìwé rẹ rí, o mọ̀ pé olùkọ́ ni í pín iṣẹ́: apá kan yóò gbè é, apá kejì yóò ta kò ó, ìbáà jẹ́ ohun tí wọ́n gbàgbọ́ tàbí òdì kejì rẹ̀. Ìdíje mìíràn wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ethics Bowl ni orúkọ rẹ̀. Robert Ladenson, olùkọ́ ní Illinois Institute of Technology ní Amẹ́ríkà, ni ó dá a sílẹ̀ ní 1993. Ní 2013 ni àwọn ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ibẹ̀ kọ́kọ́ ṣe àṣekágbá ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Nínú rẹ̀, apá méjèèjì lè fẹnu kò. Máàkì wà fún ẹni tí ó bá ro ọ̀ràn náà já, tí ó sì ka èrò ẹlòmíràn sí.

Irú ọgbọ́n yìí ni kí o lò fún ìbéèrè bí èyí:

*Ọ̀rẹ́ rẹ jíwèé wò nínú ìdánwò sikọ́láṣíìpù. Ǹjẹ́ ó yẹ kí o fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn?*

Ìlapa èrò
(a) Ìfáárà: ohun tí ó ṣẹlẹ̀
(b) Ìdí tí ènìyàn fi lè dákẹ́
(d) Ìdí tí ó fi yẹ kí ó sọ̀rọ̀
(e) Ìpinnu, àti ohun tí yóò náni

Àpẹẹrẹ láti inú (b) dé (e)

Opó ni ìyá ọ̀rẹ́ mi. Àkàrà ni ó ń dín tà kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè lé e, ẹkún ìyá náà yóò sì kàn mí lára.

Ṣùgbọ́n àyè kan ṣoṣo ni ó wà. Ọmọkùnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí kò wo ìwé ẹnikẹ́ni. Bí mo bá dákẹ́, òun lè padà sí oko láìmọ ẹni tí ó gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Òun náà ní ìyá. Pé n kò mọ ìyá rẹ̀ kò sọ ẹkún rẹ̀ di omi lásán.

Nítorí náà, n ó pe ọ̀rẹ́ mi sí kọ̀rọ̀, n ó fún un ní ọjọ́ kan kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Bí ó bá kọ̀, n ó sọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ wa lè dópin níbẹ̀.

Àkíyèsí
1. Òǹkọ̀wé náà rántí ẹni tí kò sí níbẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.
2. Kò bú ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.
3. Ó sọ ohun tí ìpinnu rẹ̀ yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpinnu tí kò náni ní nǹkan kan kì í sábà jẹ́ ọ̀ràn olójú méjì.
4. Má ṣe to òwe jọ dípò ìdí. Òwe a máa ti èrò lẹ́yìn. Kì í bá ni ro ó.

Iṣẹ́ ṣíṣe
Kọ àròkọ lórí ọ̀ràn yìí kan náà, ṣùgbọ́n kí ìwọ jẹ́ ọmọ tí kò wo ìwé ẹnikẹ́ni.