Ọwọ́ Ìyá Kì Í Ṣe Bẹ́líìtì: Síìtì Ọmọdé Nínú Takisí àti Nínú Bàálù

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé láti Manchester pẹ̀lú ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá. Èmi ni mo lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Báàgì mẹ́ta ni wọ́n tì jáde, pẹ̀lú síìtì ọmọdé kan, ìyẹn àga kékeré tí wọ́n máa ń so mọ́ ìjókòó ọkọ̀. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ gbé àga wá láti Ìlú Ọba? Ṣé a ò ní itan tí a máa gbé ọmọ lé ní Súrùlérè ni?" Dírẹ́bà takisí tí mo pè náà rẹ́rìn-ín. A ju síìtì náà sínú búùtù, Àǹtí mi gbé ọmọ lé itan lẹ́yìn ọkọ̀, a sì gbéra.

A ti kọjá Òṣòdì, a ti wọ Agege Motor Road, a ti ń sún mọ́ Múṣin, nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan já wọ iwájú wa lójijì. Dírẹ́bà tẹ búrékì. A ò kọlu nǹkan kan. Eré wa ò tiẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fi ẹnu gbá ẹ̀yìn síìtì iwájú. Ètè rẹ̀ bẹ́, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Àǹtí mi ń gbọ̀n, wọ́n sì ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ: "Mo dì í mú o. Mo dì í mú dáadáa."

Òótọ́ ni, wọ́n dì í mú. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá dì í mú, báwo ni ọmọ ṣe yọ? Mo mú bírò àti ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ọmọ kékeré, àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta

Ẹ rántí òfin àkọ́kọ́ Isaac Newton tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ girama, èyí tó wà nínú ìwé tó gbé jáde ní 1687: ohun tó bá ń lọ, á máa lọ ní eré kan náà, àfi bí agbára kan bá dá a dúró. Bí ọkọ̀ bá ń sá eré kìlómítà 50 ní wákàtí kan, gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló ń sá eré 50 yẹn. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan tó sì dúró gbì, ọkọ̀ nìkan ló dúró. Ẹ̀yin ṣì ń lọ, ọmọ náà ṣì ń lọ, títí tí nǹkan kan á fi dá yín dúró: bẹ́líìtì, tàbí síìtì iwájú, tàbí gíláàsì.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ tó wúwo tó kìlógíráàmù 10, bí ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún kan ṣe máa ń wúwo. Eré kìlómítà 50 ní wákàtí kan jẹ́ bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí eré yẹn bá tán pátápátá láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, agbára tí ẹ nílò láti fi dá ọmọ náà dúró tó nǹkan bíi newton 1,390. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ẹrù kìlógíráàmù 140. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kìlógíráàmù 50. Ọmọ tí ẹ ń fi ọwọ́ kan gbé á fẹ́rẹ̀ẹ́ di àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta, kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Ẹ tún wò ó báyìí: ẹni tó bá fi eré yẹn kọlu nǹkan dà bí ẹni tó já bọ́ láti ibi tó ga tó mítà 10, ìyẹn bíi òkè ilé alájà mẹ́ta. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé kìlómítà 30 ni ọkọ̀ ń sá, ó ju mítà mẹ́ta lọ. Kò sí ìyá kan ní Múṣin tó máa gbé ọmọ jókòó sí etí òrùlé pé òun á dì í mú.

Búrékì tí dírẹ́bà wa tẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára yìí, síbẹ̀ ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, torí pé ó dé lójijì. Bí ọkọ̀ bá wá kọlu nǹkan gan-an, kò sí ọwọ́ ènìyàn kankan tó lè ṣe é.

Ìdí tí síìtì fi ń kọjú sẹ́yìn

Síìtì ọmọ Àǹtí mi máa ń kọjú sẹ́yìn ọkọ̀. Màámi rí i, wọ́n ní, "Kí ló dé tí ẹ kọ ẹ̀yìn ọmọ sí ọ̀nà?" Ìbéèrè tó dáa ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ilẹ̀ Sweden, Bertil Aldman, ló gbé irú síìtì yìí jáde, wọ́n sì dán an wò nínú ọkọ̀ Volvo ní 1964. Ibi tó ti rí ọgbọ́n náà ni ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì Gemini gbé lọ sójú sánmà. Wọ́n máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì ni, kí agbára tó ń tì wọ́n lè pín káàkiri gbogbo ẹ̀yìn wọn, kó má baà dá lé ibì kan.

Ọmọdé nílò ìpín yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Orí ọmọ tuntun tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀. Ti àgbàlagbà kò ju bí ìdá kan nínú méjọ. Egungun ọrùn ọmọ ò sì tíì le. Àwọn ìyá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi gbé ìkókó láì fi ọwọ́ ti orí rẹ̀. Tí ọmọ bá kọjú síwájú tí ọkọ̀ kọlu nǹkan, bẹ́líìtì á di ara mú, ṣùgbọ́n orí ńlá yẹn á fà lọ síwájú, ọrùn nìkan ló sì máa jìyà rẹ̀. Tó bá kọjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn síìtì á gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, ṣírò pé síìtì ọmọdé nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń dín ikú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kù ní ìdá 71 nínú 100, àti ti ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin ní ìdá 54.

Màámi ní, "Ẹ̀yìn ni mo fi pọ̀n gbogbo yín, kò sì ṣe yín ní nǹkan kan." Mo ní, "Màámi, ọmọ pípọ̀n dáa tí ẹ bá ń fẹsẹ̀ rìn. Tí ẹ bá pọ̀n ọ́n jókòó nínú ọkọ̀, tí wọ́n gbá ọkọ̀ látẹ̀yìn, gbogbo ìwúwo yín ló máa tẹ ọmọ mọ́ síìtì." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi." Ohun kan náà ni pé ká fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo yí ìyá àti ọmọ po. Ẹ má ṣe é láé.

Bàálù wá ńkọ́?

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì jókòó sórí itan nínú bàálù. Ní Ìlú Ọba, wọ́n á fún ìyá ní bẹ́líìtì kékeré tí wọ́n ń kọ́ mọ́ tirẹ̀. Amẹ́ríkà ò gba bẹ́líìtì kékeré yìí láyè rárá.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 1989, bàálù United 232 bàjẹ́ lójú òfurufú, ó sì já lulẹ̀ ní Sioux City ní ìpínlẹ̀ Iowa. Ọmọ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ tí wọn ò ní ìjókòó tiwọn. Jan Brown, olórí àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù náà, sọ fún àwọn òbí ohun tí ìlànà ìgbà yẹn sọ: kí wọ́n gbé ọmọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì dì í mú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́rin náà kú. Láti ìgbà náà ni Jan Brown ti ń jà pé kí òfin fún gbogbo ọmọ ní ìjókòó àti bẹ́líìtì tirẹ̀.

Ní 2005, FAA, àjọ tó ń ṣàkóso bàálù ní Amẹ́ríkà, sọ pé àwọn ò ní sọ ọ́ di dandan. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀: tí àwọn òbí bá ní láti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ ọwọ́, àwọn kan á fi bàálù sílẹ̀, wọ́n á gba ojú títì, ojú títì sì ń pa èèyàn ju bàálù lọ. Síbẹ̀, FAA ṣì ń sọ pé inú síìtì tí wọ́n fọwọ́ sí, lórí ìjókòó tirẹ̀, ni ọmọ ti wà láìléwu jù.

Ọ̀rọ̀ yìí ló la ojú mi. Tí ojú títì bá léwu ju òfurufú lọ, a jẹ́ pé ọ̀nà Ìkẹjà sí Súrùlérè gan-an ni síìtì Àǹtí mi ti wúlò jù, ibẹ̀ náà la sì ti jù ú sínú búùtù.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó nínú bàálù, ẹ ra ìjókòó fún ọmọ, kí ẹ sì sọ fún iléeṣẹ́ bàálù ṣáájú. Síìtì tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí máa ń ní àkọlé pupa lára pé ó wà fún ọkọ̀ àti bàálù. Èyí tí kò bá fẹ̀ ju íǹṣì 16 lọ máa ń wọ ọ̀pọ̀ ìjókòó bàálù. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kó má baà dínà mọ́ ẹlòmíì. Bí owó ò bá ká ìjókòó kejì, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù máa ń bá yín gbé síìtì náà lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ẹrù. Ẹ gbé e lọ, torí takisí tó ń dúró dè yín níta.

Bí a ṣe ń lò ó nínú takisí Èkó

1. Kí ẹ tó wọlé, ẹ wá bẹ́líìtì ẹ̀yìn. Ìbòrí síìtì tí àwọn dírẹ́bà ń rán máa ń bo ibi tí wọ́n ti ń há a mọ́lẹ̀. Ẹ fi sùúrù sọ ọ́: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí ìbòrí yìí díẹ̀."

2. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí síìtì wà. Ẹ má gbé síìtì tó kọjú sẹ́yìn síwájú níbi tí báàgì afẹ́fẹ́ wà; tó bá tú, ẹ̀yìn síìtì ọmọ ló máa gbá.

3. Ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti oṣù Kẹsàn-án 2002 máa ń ní irin kéékèèké láàárín ibi ìjókòó àti ibi ìfẹ̀yìntì. Tí síìtì yín bá ní ìkọ́ tó bá a mu, ibẹ̀ ni ẹ máa fi kọ́.

4. Tó bá jẹ́ bẹ́líìtì ọkọ̀ lẹ ń lò, ẹ gbé e gba ibi tí ìwé síìtì fi hàn, kí ẹ fà á le. Ẹ di síìtì mú níbi tí bẹ́líìtì gbà, ẹ mì í. Kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ju íǹṣì kan lọ.

5. Okùn ara ọmọ gbọ́dọ̀ le débi pé ẹ ò ní lè fi ìka méjì fún aṣọ okùn náà jọ ní èjìká. Ẹ bọ́ ṣọ́ọ̀lù tó nípọn kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó dè é.

6. Síìtì àlòkù tó wà lọ́jà Yábà? Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀, torí ike máa ń gbó. Èyí tó ti wà nínú jàǹbá rí kò wúlò mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ mọ̀ ló dáa kí ẹ ti gbà á.

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, àti nínú ọ̀pọ̀ dáńfó, kò sí bẹ́líìtì tí a máa fi so ó. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni owó takisí máa ń wà. Tó bá wà fún ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ fi í gba ọ̀nà márosẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré.

Ẹlòmíì á ní òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an gbà kí ọmọ jókòó sẹ́yìn takisí láìsí síìtì, bí dírẹ́bà ò bá ní. Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin ìjọba lè yọ̀ǹda takisí, ti Newton ò yọ̀ǹda ẹnì kankan.

Ní oṣù Kìíní, nígbà tí Àǹtí mi ń padà, Màámi ló gbé síìtì jáde fúnra wọn. Dírẹ́bà ọjọ́ yẹn ṣí ìbòrí, a rí bẹ́líìtì tí ẹnikẹ́ni ò fà rí, eruku ti bò ó. Ó gbà wá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ká tó so ó dáadáa. Kí a tó dé Òṣòdì, ọmọ ti sùn. Ní pápákọ̀, dírẹ́bà dúró, ó ń wo síìtì náà. Ó ní òun ní ọmọ oṣù mẹ́jọ nílé, ó sì bi Àǹtí mi léèrè ibi tí òun ti lè rí irú rẹ̀ rà.