So Bẹ́líìtì Yẹn Padà, Ọkọ Mi

Ọkọ mi, fìdí mọ́lẹ̀ kí n bá ọ wí. Nígbà tí mo gbọ́ pé o ra katakata kékeré wá sí Ìyere, mo jó nínú yàrá mi. Ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí àwọn lébìrà ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ro fún ọ, ẹ̀rọ yẹn á tú u kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ pé ẹni tó bá ti lè wa ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ ti mọ katakata wà? Iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo mọ ohun tí irin yẹn ń ṣe fún ẹni tó bá fojú di í.

Ọ̀rọ̀ kùkùtè ni kí n kọ́kọ́ bá ọ sọ. Wọ́n ní o so ṣéènì mọ́ apá òkè lẹ́yìn katakata, o fi kọ́ kùkùtè kòkó bàbá rẹ, o wá tẹ iná mọ́ ọn. Ìwọ yìí! Táyà ńlá ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Bí kùkùtè bá kọ̀ tí kò tu, táyà ò rọ́nà lọ; agbára tó yẹ kó fi lọ síwájú á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé imú katakata sókè. Bí ibi tí o so ṣéènì mọ́ bá tún ga ju irin tó gbé táyà méjèèjì lọ, ṣéènì náà á máa bá a fà á sẹ́yìn. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti dojú dé, ìwọ lo wà lábẹ́ rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ nìkan ni a ń so ẹrù fífà mọ́.

Katakata Fordson tí Henry Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dún 1917 pa àwọn àgbẹ̀ báyìí: ohun ìtúlẹ̀ á kọ́ òkúta, iwájú á sì gbéra. Ìyẹn wà lára ohun tó mú Harry Ferguson, ọmọ Ireland, ronú kan apá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn katakata títí dòní, kí ohun ìtúlẹ̀ lè máa tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Apá òkè tí o so ṣéènì mọ́ yẹn, ọ̀kan nínú mẹ́ta náà ni. Wọn ò ṣe é fún kùkùtè. Wá ẹni tó máa wú gbòǹgbò rẹ̀, jàre.

Èyí tí ò jẹ́ kí n sùn ni irin tó dúró gbọnrangandan lẹ́yìn ìjókòó rẹ. O ní imọ̀ ọ̀pẹ ń kọ́ ọ, o ká a wálẹ̀, o sì tú bẹ́líìtì sọnù pé ó ń há ọ níkùn. Há a! Láti 1959 ni ìjọba Sweden ti pa á láṣẹ pé katakata tuntun gbọ́dọ̀ ní irú irin bẹ́ẹ̀, nítorí òkú àgbẹ̀ tí katakata dojú dé mọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Òun àti bẹ́líìtì ló jọ ń ṣiṣẹ́. Bí irin bá dúró tí o ò de ara rẹ mọ́ àga, bí ẹ̀rọ bá ń dojú dé, á gbọ̀n ọ́ dànù, á sì wó lé ọ lórí. Bó bá di dandan kí o ká irin náà kí o lè gba abẹ́ igi kọjá, ìgbà yẹn nìkan ni kí o má de bẹ́líìtì, kó má baà dè ọ́ mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ. Bí o bá ti kọjá, gbé e dìde. Ó tiẹ̀ dáa kí o gé imọ̀ ọ̀pẹ ọ̀hún.

Má sì jẹ́ kí n tún gbọ́ pé o gbé ọmọ jókòó sórí mọ́gáàdì. Àga kan ló wà níbẹ̀.

Bíréèkì rẹ pín sí méjì, ọ̀kan fún táyà ẹ̀yìn ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì, kí o lè ráyè yí po nínú oko. Kí o tó gun ọ̀dà lọ sí Ọ̀wọ̀, fi ìkọ́ kékeré yẹn so wọ́n pọ̀. Bí o bá tẹ ẹyọ kan lórí eré, ó lè fì ọ́ sí iwájú tírélà. Bí o bá sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, orí òkè ni kí o ti yan jíà kékeré. Má tẹ kúlọ́ọ̀ṣì lágbedeméjì. Ibi tó dagun jù, fi í sílẹ̀ fún ọkọ́.

Mo rí ìyàwó rẹ lọ́jọ́sí, ó gbé oúnjẹ wá fún ọ, ó ró ìró, ó fẹ́ dá ẹsẹ̀ kọjá lórí ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn katakata, èyí tí ẹ ń pè ní PTO. Igbe tí mo ké, gbogbo oko ló gbọ́ ọ. Ọ̀pá yẹn ń yí ní ìgbà 540 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí o tó ka ení, ó ti yí 9. Bí etí ìró bá kàn án, kò sí ẹni tó lè fà á yọ. Pa ẹ́ńjìnnì kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọn, kí o sì wá ike ìbòrí rẹ̀ dé e padà.

Lóṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ ṣí aṣọ lójú katakata 2,000. Ó dùn mọ́ mi nínú, àmọ́ àwọn ọmọ tí yóò wà wọ́n ni mo ń rò. Ilé iṣẹ́ NCAM wà ní Ìdòfíàn, lẹ́bàá Ìlọrin, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ oko ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Lọ bá wọn, kí o ní o fẹ́ kọ́ṣẹ́. Èmi á fún ọ lówó ọkọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ. Èmi ni mo ní kó fi pamọ́ títí mẹkáníìkì yóò fi so bẹ́líìtì yẹn padà. Má bá a jà o, èmi ni kí o wá bá jà.