Ẹsẹ̀ Rẹ Ni Kí O Kọ́kọ́ Tọ́jú

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé ejẹ́ńsì ti pè ọ́, pé ọjọ́ Ajé ni wàá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní wíáháòsì kan ní Daventry. Jókòó tì mí. Nígbà tí èmi kọ́kọ́ dé England, kò sẹ́ni tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún mi.

Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni. Àwọn èèyàn rò pé apá ni, ṣùgbọ́n wákàtí 10 lórí kọnkéré, tírọ́lì níwájú, sìkánà lọ́wọ́, láti pẹpẹ dé pẹpẹ, ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ké. Bàtà tó ní irin níwájú ni wọ́n sábà máa ń ní ká wọ̀. Bí wọ́n bá ti sọ pé dandan ni nítorí ewu iṣẹ́, àwọn ni òfin ní kí wọ́n fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ lára owó rẹ. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbà há mi lẹ́sẹ̀, ojú sì ń tì mí láti sọ, títí èékánná àtàǹpàkò mi fi dúdú, tó bọ́. Ìwọ má tijú. Ẹsẹ̀ máa ń wú tó bá di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà gba èyí tó fẹjú díẹ̀, kí o sì mú ìbọ̀sẹ̀ kejì dání tí wàá pààrọ̀ nígbà ìsinmi.

Páálí máa ń mú ọwọ́ gbẹ títí tí yóò fi sán. Òrí tí Mọ́mì dì sínú ẹrù rẹ, má gbé e pamọ́.

Ọ̀rọ̀ àwa obìnrin nìyí: níbi púpọ̀, báàgì àti fóònù kì í wọlé, inú lọ́kà ni wọ́n ń wà. Tí o bá ń retí nǹkan oṣù rẹ, ti páàdì méjì bọ àpò ṣòkòtò kí o tó wọlé. Bí inú bá ń run ọ́, sọ fún súpáfáísọ̀ pé ara rẹ ò yá. Ìyẹn ti tó.

Sìkánà máa ń ka iye ọjà tí o mú ní wákàtí kan, àyà rẹ á sì máa já. Má sáré lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í sáré rárá. Wọ́n ń ka nọ́ńbà pẹpẹ dópin, torí èyí tó kẹ́yìn ló ń ṣini lọ́nà. Tó bá di dídì, bí ẹni ń di Ghana-must-go ni: èyí tó wúwo nísàlẹ̀, kí ohunkóhun má sì máa mì nínú páálí. Èyí tó bá ju agbára rẹ lọ, pe ẹnìkejì.

Tí o bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí 6 lọ lójúmọ́, ìsinmi ìṣẹ́jú 20 jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́nu iṣẹ́ kan náà níbì kan náà, owó rẹ gbọ́dọ̀ bá ti àwọn tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbà dọ́gba. Máa ka péésílíìpù rẹ. Físà akẹ́kọ̀ọ́ lo sì ní: wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé ń lọ, àpapọ̀ gbogbo iṣẹ́ ni o. Ẹni tó bá ní kí o wá fi orúkọ òun ṣiṣẹ́ kún un, jọ̀ọ́, sá fún un.

Mo ti ra ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó nípọn sílẹ̀. Wọ́n wà lórí àga yẹn, kó wọn dání tí o bá ń lọ.