Kí O Tó Sanwó fún Páálí Eré Tẹlifíṣàn Yẹn, Àbúrò Mi

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá, àmọ́ ó ń jẹ owó àwọn obìnrin wa lókè òkun, pàápàá àwọn tó fẹ́ràn láti máa ra odidi páálí eré àtìgbàdégbà Amẹ́ríkà, bóyá fún ara wọn, bóyá fún bàbá tàbí ìyá tí kò gbàgbé eré àtijọ́. Páálí á dé, á máa dán, àwòrán òṣèré á wà lójú rẹ̀. Àwo kìíní á ṣiṣẹ́ geere. Àwo kejì á dúró gbagidi láàárín eré. Nígbà tó bá kan ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ á ní òun kò rí àwo kankan. Kíá, gbogbo ilé á ti pariwo pé gbájúẹ̀ ló ta á.

Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ o. Àwo tí iléeṣẹ́ tó ni eré náà ṣe jáde fúnra rẹ̀ lè dá irú àrà bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ kí o mọ̀ kí o tó mú káàdì ìfowópamọ́ rẹ jáde.

Oríṣi àwo méjì ló wà

Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n tẹ̀. Iléeṣẹ́ á ṣe irin kan bí òǹtẹ̀, á fi tẹ gbogbo eré náà mọ́ ike lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fi alumíníọ̀mù tín-ín-rín bò ó kí ìmọ́lẹ̀ lésà lè máa ta padà dáadáa. Irin náà wọ́n, nítorí náà àfi kí wọ́n tẹ àwo púpọ̀ kí owó wọn tó wọlé.

Ìkejì ni DVD-R, èyí tí wọ́n ń bọ́ọ̀nù. Aró wà nínú tiẹ̀. Lésà ló ń jó àmì sínú aró náà, lórí àwo kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti sanwó tán. Iléeṣẹ́ Pioneer ló gbé e jáde ní 1997, iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe fíìmù ló kọ́kọ́ wà fún, kó tó wá di nǹkan tí gbogbo ayé ń lò.

Kí ló wá gbé e dé inú páálí olówó gọbọi? Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Eré tí gbogbo ènìyàn ń wá, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Eré tí ó jẹ́ pé àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ló kù, kò pé wọn láti tẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2009, iléeṣẹ́ fíìmù Warner dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Warner Archive. Fíìmù 150 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bí ènìyàn bá sì ṣe ń béèrè ni wọ́n ń bọ́ọ̀nù rẹ̀. Láìpẹ́, eré tẹlifíṣàn náà wọ inú ètò yìí. Wo eré kábọ̀ì *Cheyenne*, èyí tí Clint Walker ṣe, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ní 1955. Páálí síísìn àkọ́kọ́ jáde lórí àwo títẹ̀ ní 2006. Àwọn síísìn tó tẹ̀lé e, ọ̀dọ̀ Warner Archive ni wọ́n ti jáde. Ẹni tó bá ra ti àkọ́kọ́ tó sì ṣiṣẹ́, tó wá fọkàn balẹ̀ ra ìyókù, ojú rẹ̀ lè rí màbo.

Ìdí tí ẹ̀rọ fi ń kọ DVD-R

Ìmọ́lẹ̀ kì í ta padà lára aró tó bí ó ṣe ń ta lára alumíníọ̀mù lásán. Bí ẹ̀rọ bá ṣì lágbára, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Bí lénsì rẹ̀ bá ti gbó tàbí tó ti kó eruku, á ṣì máa ka àwo títẹ̀, á sì máa kọ èyí tí wọ́n bọ́ọ̀nù. Ìdí nìyẹn tí bàálé ilé fi máa ń sọ pé ẹ̀rọ kò ní àìsàn kankan, pé àwo ló bàjẹ́. Àwo náà lè má bàjẹ́ rárá.

Bákan náà, àwọn ẹ̀rọ ayé àtijọ́ wà tí wọ́n ti ṣe kí DVD-R tó gbajúmọ̀, wọn kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ̀yìn páálí irú àwọn eré yìí sì máa ń kìlọ̀ pé ẹ̀rọ tó kàn ń ṣe DVD lásán ni àwọn fi ọkàn sí, pé ẹ̀rọ tó tún lè ká nǹkan sílẹ̀ àti ti inú kọ̀ǹpútà lè kọ̀ ọ́. Lẹ́tà kóńkóló ni wọ́n fi ń kọ ìkìlọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ gàdàgbà.

Kí o tó rà á

Ka ojú ewé ọjà náà dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí o bá rí "DVD-R", "MOD", "Manufactured on Demand" tàbí "recordable media", o ti mọ ohun tí o fẹ́ rà. Mi ò ní kí o má rà á o. Mo kàn ní kí o mọ irú ẹ̀rọ tó wà nílé.

Má gbára lé ẹnu ẹni tó ti rà á ṣáájú rẹ jù. Àwọn páálí kan wà tó jẹ́ pé èyí tó kọ́kọ́ jáde ni wọ́n tẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé èrò á pọ̀; nígbà tí ìyẹn tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ọ̀nù ìyókù. Orúkọ kan náà, àwòrán kan náà, àwo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí Nàìjíríà ni o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, rántí pé DVD ní nọ́ńbà ẹkùn: Amẹ́ríkà jẹ́ 1, Britain jẹ́ 2, tiwa nílé jẹ́ 5. Bí ẹ̀rọ bá mẹ́nu ba "region", ọ̀rọ̀ ẹkùn nìyẹn. Bí àwòrán bá ń yí tàbí tó di dúdú àti funfun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìlànà tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, NTSC, kò bá PAL tiwa mu. Méjèèjì kò kan ọ̀rọ̀ aró. Má kó wọn pọ̀ mọ́ra wọn nígbà tí o bá ń fẹjọ́ sun.

Ní ọjọ́ tí ó bá dé

Yí ikùn àwo náà sókè. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sábà máa ń rí bíi fàdákà. Èyí tí wọ́n bọ́ọ̀nù máa ń ní àwọ̀ àlùkò tàbí búlúù díẹ̀ lábẹ́. Tí páálí tàbí ojú ewé ọjà bá ti sọ pé DVD-R ni, kò sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní títẹ̀ ni, tí o wá bá àwọ̀ àlùkò nínú rẹ̀, pàápàá tí owó rẹ̀ kéré lọ́nà tó ń yani lẹ́nu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayédèrú.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti tẹ́tí sí mi jù lọ rèé: dán gbogbo àwo wò, má ṣe fi ẹyọ kan ṣe ẹ̀rí fún ìyókù. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n bọ́ọ̀nù wọn. Àwo kìíní lè dára kí ìkarùn-ún má dára. Má sì dúró lórí ìbẹ̀rẹ̀ eré nìkan. Láti àárín ni DVD-R ti ń bẹ̀rẹ̀, etí ló ń parí sí, etí yẹn sì ni àléébù pọ̀ sí jù. Lọ tààrà sí abala tó gbẹ̀yìn lórí àwo kọ̀ọ̀kan, tẹ rìmóòtù síwájú síwájú, wò ó bóyá á há. O lè ṣe é bí o bá ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Kò gba agbára, sùúrù ló gbà.

Bí ó bá há, gbé e lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn kí o tó sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ méjì tó ń ṣe DVD lásán bá kọ àwo kan náà, àwo náà lẹ́jọ́. Bí ẹ̀rọ tìrẹ nìkan bá kọ gbogbo wọn, ẹ̀rọ rẹ ni. Ṣe èyí kí ẹnikẹ́ni tó gbé súkúrúdíráfà.

Bí o bá fẹ́ dá a padà

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Kọ nọ́ńbà àwo, abala àti ìṣẹ́jú tí ó ti há, kọ orúkọ ẹ̀rọ tí o lò, ya fọ́tò ikùn àwo náà. Ẹni tó bá rí i pé o mọ ohun tí ò ń sọ kò ní fi ọ́ ṣeré. Bí o bá wà ní Britain, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti 2015 fún ọ ní ọjọ́ 30 láti kọ ọjà tó ní àléébù kí o sì gba owó rẹ padà lọ́wọ́ oníṣòwò tó tà á. Ẹni tó tọ́jú páálí sórí àga títí di Kérésìmesì kó tó ṣí i, ọjọ́ ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìtọ́jú rẹ̀

Oòrùn àti ooru kì í jẹ́ kí aró pẹ́. Má fi àwo sílẹ̀ nínú mọ́tò, má tò ó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Má lẹ sítíkà mọ́ ọn, má fi báírò kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí o bá fẹ́ nù ún, aṣọ rírọ̀ ni, láti àárín lọ sí etí tààrà; má nù ún róbótó.

Èmi kò ní kí o sá fún DVD-R. Àwọn eré kan wà tí kò sí lórí àwo mìíràn, bí a kò bá rà á bẹ́ẹ̀, a kò ní rí i rà. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ ilé yín bá ti gbó, fi owó ra ẹ̀rọ DVD lásán tó jẹ́ tuntun kí o tó ra páálí eré olówó ńlá. Jọ̀wọ́, ọjọ́ tí páálí bá wọlé náà ni kí o dán an wò.