Ẹ Kà Á Kí Ẹ Tó Yà Á

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń múra ìdánwò CHM 101, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Nígbà tí èmi náà wà ní ọdún kìíní ní yunifásítì, wọ́n ní kí a ya CO₂ àti SO₂. Mo rí i pé ọ́síjìn méjì-méjì ló wà lára wọn, mo bá ya méjèèjì gbọọrọ bí ọ̀pá. Nígbà tí olùkọ́ dá ìwé mi padà, kò bú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló fi bírò pupa kọ síbẹ̀: "Mélòó lo kà?"

N kò kà rárá.

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìpele òde ni à ń kà. Kábọ́ọ̀nù ní 4, ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan ní 6, àròpọ̀ CO₂ wá di 16. Imí-ọjọ́ ní tirẹ̀ ní 6, nítorí náà SO₂ jẹ́ 18. Méjì tó lé yẹn jókòó sórí imí-ọjọ́ láìso mọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ń ti ọ́síjìn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. CO₂ nà tàn-ín ní ìwọ̀n 180°. SO₂ tẹ̀ sí nǹkan bí 119°. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì péré ló gba máàkì lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, ẹ kọ àròpọ̀ sí igun ìwé kí ẹ tó fa ìlà kankan. Bí ẹ bá yà á tán, ẹ tún un kà: ìlà kan jẹ́ méjì, àmì tóótòó kan jẹ́ ọ̀kan. Bí iye méjèèjì kò bá bára mu, àwòrán yín ń parọ́. Ẹ sì ṣọ́ra fún àmì tó wà lórí ayọ́ọ̀nù: àmì ìròpọ̀ kì í ṣe èrè, àdánù ni. NH₄⁺ jẹ́ 5 pẹ̀lú 4, ẹ yọ 1, ó ku 8. NO₃⁻ ni ẹ máa fi 1 kún, kó di 24.

Ẹ tún mọ ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan jókòó sí. CH₄, NH₃ àti H₂O, 8 ni gbogbo wọn, àmọ́ ìrísí wọn yàtọ̀. CH₄ kò ní lone pair kankan, ìyẹn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tí kò so mọ́ ẹnikẹ́ni; NH₃ ní ọ̀kan, omi ní méjì. Lone pair dà bí ẹni tó sanra nínú dánfó: owó ẹnì kan ló san, àmọ́ ìjókòó rẹ̀ ju ti ẹnì kan lọ, àwọn tó kù á wá fún pọ̀. Ìdí nìyẹn tí igun fi ń sún kì láti 109.5° sí 107°, títí dé 104.5°. Ẹ má kàn há nọ́ńbà sórí. Ẹ mọ ohun tó ń fún wọn pọ̀.

Bí ojú inú yín kò bá rí i, ẹ fẹ́ bàlúùnù mẹ́rin, kí ẹ so ẹnu wọn pọ̀. Fúnra wọn ni wọ́n máa wá àyè tí wọ́n á fi jìnnà síra wọn jù. Pẹlẹbẹ ni ìwé, àmọ́ ọ̀pọ̀ mólékù kì í ṣe pẹlẹbẹ.

Àṣìṣe kan wà tí mo ń rí lọ́dọọdún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ní bí omi bá hó, ìsopọ̀ háídírójìn àti ọ́síjìn inú rẹ̀ ló já. Rárá o! Omi ṣì ni ooru tó ń jáde lẹ́nu ìkòkò. Ohun tó tú ni hydrogen bond, ìyẹn ìfàmọ́ra tó wà láàárín mólékù kan àti èkejì.

Ẹ má sì sọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́jọ di dandan fún gbogbo átọ́ọ̀mù. Mẹ́fà ló yí bọ́rọ́ọ̀nù ká nínú BF₃. Méjìlá ló yí imí-ọjọ́ ká nínú SF₆. Àmọ́ kábọ́ọ̀nù, náítírójìn, ọ́síjìn àti fúlórínì kì í kọjá mẹ́jọ láéláé. Àwòrán tóótòó tí Gilbert Lewis ará Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1916 náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nínú àwòrán O₂, gbogbo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ní ìkejì, síbẹ̀ òòfà ń fa ọ́síjìn olómi mọ́ra, nítorí pé méjì nínú wọn dá wà. Bí ìbéèrè bá ti dárúkọ òòfà, molecular orbital ni kí ẹ fi dáhùn.

Ẹ máa ya mólékù mẹ́wàá lóòjọ́ láti inú ìbéèrè àtijọ́, kí ìwé wà ní pípadé. Ẹ ṣàlàyé ọ̀kan fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá. Ibi tí ẹ bá ti kólòlò, ibẹ̀ ni kí ẹ padà sí. Bí ó bá di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, ẹ sùn.

Bírò pupa ti wá di tèmi báyìí, ìbéèrè olùkọ́ mi náà ni mo ṣì ń fi kọ sórí ìwé. Ẹ má jẹ́ kí n kọ ọ́ sórí tiyín.