A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ, Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Iléèwé Gbọ́dọ̀ Kà Á

Yorùbá ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, mi ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òbí bá ti fa ọmọ rẹ̀ lé iléèwé lọ́wọ́ lẹ́nu géètì láàárọ̀, títí di ìgbà tí yóò padà wá mú un, ọ̀gá iléèwé ló ń bá a di ọmọ náà mú. Ní ọjọ́ tí iná bá sọ, tàbí tí ìbọn bá dún lójú títì, ẹni tí kò mọ iye ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní í mọ èyí tó sọnù.

Ẹ̀yin ọ̀gá iléèwé ní Ìkọ̀tún, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìgándò, ní Ìdímù àti Ìpájà, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí iléèwé yín jẹ́ ti ìjọba, bó sì jẹ́ ti aládàáni tó wà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ọjà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ẹ rántí Ìjẹ̀gùn. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ 15, oṣù Karùn-ún, ọdún 2008. Katapílà tó ń ṣe ọ̀nà níbẹ̀ gbá ọ̀pá epo tó wà nínú ilẹ̀. Epo tú jáde, iná gbà á, ó sì jó dé ilé àti iléèwé. Ẹgbẹ́ Red Cross sọ pé àwọn tó kú tó 100, àwọn ọmọ iléèwé sì wà lára àwọn tí àjálù náà gbé lọ. Iná nìkan kọ́ ló pa èèyàn lọ́jọ́ náà. Bí gbogbo ayé ṣe ń sá, àwọn ọmọdé ń ṣubú, ẹsẹ̀ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Bàtà àti báàgì iléèwé ló ṣẹ́kù nílẹ̀.

Kò sí ọ̀gá iléèwé tó lè dá ọ̀pá epo dúró kó má bẹ́. Bí àwọn ọmọ yóò ṣe jáde, ẹni tí yóò ṣáájú wọn, ibi tí wọn yóò forí lé, ọwọ́ yín ni ìyẹn wà. Àjálù Ìjẹ̀gùn kò sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ọ̀pá epo jó ní Abúlé Ẹ̀gbá ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, ó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Iná ọ̀pá epo tún padà sí Ìjẹ̀gùn ní oṣù Keje ọdún 2019. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì bú gbàù ní Bárúwà, lọ́nà Ìpájà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Mo fẹ́ kí ẹ wo obìnrin kan. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 2020, ìbúgbàù ńlá kan mi Abúlé Àdó, lápá Festac. Ó wó ilé púpọ̀, ó sì pa èèyàn tó lé ní 20. Iléèwé àwọn ọmọbìnrin kan, Bethlehem Girls College, wà nítòsí ibẹ̀, àwọn ọmọ sì wà nínú ọgbà. Sístà Henrietta Alokha, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ìjọ Kátólíìkì, ni olórí wọn. Ibi tó ti ń kó àwọn ọmọ náà jáde ló kú sí.

Mi ò sọ pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ kú kí a tó mọ̀ pé ó láàánú. Ibi tí ojú Sístà yìí kọ́kọ́ lọ ni mo fẹ́ kí a wò: ojú rẹ̀ lọ sára ọmọ. Lọ́jọ́ ìṣòro, ojú àwọn ọ̀gá mìíràn a kọ́kọ́ lọ sára orúkọ iléèwé, sára ohun tí ìjọba yóò bi wọ́n, sára ohun tí àwọn òbí yóò máa sọ kiri. Kí wọ́n tó ro gbogbo ìyẹn tán, èéfín ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Àánú tí a kò pèsè rẹ̀ sílẹ̀ kì í tètè dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì. Mo mọ ìdí tí ẹ fi ń tì í. Ẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ ń bà yín. Ẹ máa tì í, ṣùgbọ́n kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni méjì tí wọn kì í jọ kúrò nínú ọgbà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọ̀nà àbájáde kejì wà, kí ẹ má sì fi àga tó ti kán dí i. Lẹ́ẹ̀kan ní táàmù, ó kéré tán, ẹ lu agogo lójijì. Kí àwọn ọmọ rìn jáde, kí wọ́n má sáré, kí àwọn kékeré ṣáájú. Kí ọmọ tí ẹsẹ̀ ń dùn tàbí tí kò ríran dáadáa ní olùkọ́ tirẹ̀ tí yóò fà á lọ́wọ́. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan gbé rẹ́jísítà dání, kó pe orúkọ níta, kí ọmọ dáhùn. Àwọn ọmọ yóò rò pé eré ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá jẹ́ eré, ẹsẹ̀ wọn á ti mọ ọ̀nà.

Bí òórùn epo tàbí gáàsì bá gba àdúgbò, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná, kí ẹnikẹ́ni má tan jẹnẹrétọ̀ tàbí mọ́tò. Ẹ kó àwọn ọmọ jìnnà, kí atẹ́gùn má baà máa gbé òórùn náà tẹ̀ lé yín. Bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ pe 112 tàbí 767, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ kọ wọ́n gàdàgbà sára ògiri láti òní.

Òbí yóò dé ẹnu géètì pẹ̀lú omijé àti ìbínú. Ìyá kan á máa pariwo, bàbá kan á fẹ́ fo ògiri. Ẹ má sá pamọ́ sínú ọ́fíìsì, ẹ má sì fi máígádì nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ọ̀rọ̀ tútù ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní ń yọ ọfà lápó. Ẹ jáde sí wọn, kí ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ bó ṣe rí gan-an. Ìyá tó gbọ́ pé, “Ọmọ yín wà lọ́dọ̀ wa, ẹ fi ara balẹ̀ kí á pe orúkọ rẹ̀,” yóò lè mí. Ẹ má sì fa ọmọ lé ẹni tí ẹ kò mọ̀ lọ́wọ́, bó ti wù kí ariwo pọ̀ tó.

Lẹ́yìn ìgbà tí iná bá kú ni iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn alájọṣe rẹ̀ gbé ìwé ìtọ́ni kan jáde lórí bí a ṣe ń dúró ti ẹni tí àjálù bá. Ohun mẹ́ta ni wọ́n gbé e kà: kí a wò ó, kí a gbọ́ ọ, kí a sì mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Wọ́n kìlọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni kó ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọmọ tó ti máa ń sọ̀rọ̀ tó wá dákẹ́, ọmọ tó ti dàgbà tó tún ń tọ̀ sórí ẹní, èyí tó ń ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá dún, èyí tó ń bá gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ jà: ẹ má pè é ní olóríkunkun, ẹ má sì nà án. Ẹ̀rù ló ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ jókòó tì í. Bí ọ̀sẹ̀ bá ń gorí ọ̀sẹ̀ tí kò sì yí padà, ẹ bá òbí rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n mú un lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ńlá ìjọba wà ní Ìgándò.

Àjálù kan tún wà tí kò ní èéfín. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ilé ni ìkòkò ò ti kún mọ́. Bí ẹ bá dúró lójú títì Ìkọ̀tún ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ ó máa rí ọmọ nínú yúnífọ́ọ̀mù, báàgì lẹ́yìn, tí wọ́n lé wálé nítorí owó iléèwé, tó ń sá fún ọ̀kadà àti dáńfó. Òbí rẹ̀ ò sí nílé, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti kúrò ní kíláàsì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé owó oṣù olùkọ́ àti owó ilé wà lọ́rùn yín. Òbí ló jẹ gbèsè, òbí ni kí ẹ pè. Ẹ gbà á díẹ̀díẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀, iléèwé Morit International gbà kí àwọn òbí máa kó ike tí wọ́n ti lò wá fi dí owó iléèwé. Ọ̀gá tó bá wá ọ̀nà yóò rí i. Kí olùkọ́ sì máa fojú sọ́nà fún ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì kí agogo oúnjẹ tó lù. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹ má gbàgbé àwọn olùkọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti iléèwé pa ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ olùkọ́ iléèwé aládàáni ló lo oṣù púpọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Olùkọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò béèrè rẹ̀ ní àkókò ìyà, kí ni yóò fi tu ọmọ ọlọ́mọ nínú?

Lọ́la, kí ẹ tó jókòó, ẹ mú rẹ́jísítà kan, kí ẹ wọ kíláàsì kan, kí ẹ fi ẹnu ara yín pe orúkọ wọn. Bí ẹnì kan kò bá dáhùn, ẹ bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè ibi tó wà. Tí ẹ kò bá rí ìdáhùn, ẹ pe ilé rẹ̀, kí ẹ má sì kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà títí ẹ ó fi mọ ibi tí ọmọ yẹn sùn lálẹ́ àná.