Ìfọkànsókè nínú Fíìmù Shadow of a Doubt

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fíìmù yìí, tí Alfred Hitchcock darí ní ọdún 1943. Ní ìlú Santa Rosa, Kalifọ́níà, Charlie tí ń pa àwọn opó olówó sá wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Òrùka tó fún ọmọ ẹ̀gbọ́n náà ló tú àṣírí: lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ opó kan tí a pa wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà mọ̀, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ kí ọkàn ìyá rẹ̀ má baà bàjẹ́. Àtẹ̀gùn já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ará ilé pè é ní jàǹbá. Nítorí náà, kì í ṣe àìmọ apànìyàn ló gbé ọkàn òǹwòran sókè, bí kò ṣe mímọ̀ tí a kò lè sọ.